Wọ́n ba ọ̀dà mọ́tò mi jẹ́ níbi tí mo ti lọ ṣe sáfíìsì: kí ni kí n gbà lọ́wọ́ wọn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìdí-Àbà, l'Abẹ́òkúta, ni mò ń gbé. Mo gbé Toyota Corolla mi, aláwọ̀ fàdákà, lọ fún sáfíìsì níbi tí mo ti rà á. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì bíréèkì, wọ́n sì bá mi fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń dán nígbà tí mo gbé e jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i nínú oòrùn pé bọ́nẹ́ẹ̀tì àti àwọn ilẹ̀kùn ti kún fún ìlà tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀dà fẹ́ńdà iwájú lápá òsì sì ti wú, ó rún jọ, ibẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Máníjà wọn ní, 'Màmá, ọyẹ́ àti oòrùn ló ṣe é.' Nígbà tí mi ò gbà, ó ní àwọn á tún bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà kùn, tàbí kí n gba sáfíìsì ọ̀fẹ́ mẹ́ta, kí n sì fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ mi ní kí n lọ pe ọlọ́pàá. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ká tó dé orí ẹ̀tọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí máníjà yẹn ti lú u pọ̀, ìlúpọ̀ yẹn ló sì ń gbè é. Ọgbẹ́ méjì ló wà lára mọ́tò yín. Ìlà òwú aláǹtakùn jẹ́ ọ̀kan, ọ̀dà tó wú ní fẹ́ńdà jẹ́ èkejì. Ohun tó fà wọ́n yàtọ̀, ìwòsàn wọn yàtọ̀, ẹ̀rí tí ẹ máa fi mú wọn náà yàtọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò nílò ọ̀dà tuntun rárá. Fẹ́ńdà ní tirẹ̀, pọ́líìṣì kankan kò lè ràn án. Bí ẹ bá gba ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín bó ṣe wà yẹn, bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣeé wò sàn lẹ máa fi tọrẹ.

Ọ̀dà tí mọ́tò gbé wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò nípọn bí a ṣe rò. Èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà ló wà nísàlẹ̀, bíi máíkírọ́ọ̀nù 20. Pírámà tẹ̀ lé e, bíi 30 sí 35. Àwọ̀ gan-an, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní ótóbéésì, bíi 15. Kíríà tó ń dán ló wà lókè pátápátá, 35 sí 50. Ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, bíi 100 sí 120, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìnípọn irun orí méjì lọ. Kíríà yẹn ló ń bá oòrùn, òjò àti ọwọ́ afọmọ́tò jà. Ìlà tí kò bá tíì la kíríà kọjá, pọ́líìṣì lè yọ ọ́. Ẹ da omi díẹ̀ sí i: bó bá pòórá nígbà tó tutù, inú kíríà ló wà. Kí ẹ sì fi èékánná rìn ín kọjá lábùú. Bí èékánná bá kọ́ nínú rẹ̀, ó ti jìn, pọ́líìṣì lè dín in kù, kò lè pa á rẹ́.

Òwú aláǹtakùn yẹn, kì í ṣe pé ìlà náà ń yí po lóòótọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà kéékèèké tó na síbí na sọ́hùn-ún ni. Àwọn tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọ mànà, ìyẹn ló fi dà bí òbìrípo tó yí oòrùn ká. Iyanrìn ló ń ṣe é. Erùpẹ̀ pupa tó ń bo mọ́tò l'Abẹ́òkúta, àti eruku òkúta, hóró tó le ju kíríà lọ ló wà nínú wọn. Bí afọmọ́tò kò bá fi omi tó pọ̀ ṣan erùpẹ̀ kúrò kó tó fọwọ́ kàn án, tó jẹ́ kànrìnkàn tó fi fọ táyà náà ló fi ń fọ bọ́nẹ́ẹ̀tì, láti inú garawa kan ṣoṣo, sàńdípépà ló mú lọ́wọ́ yẹn. Níbi tí mọ́tò bá ti tò sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fọ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, garawa yẹn kì í rí omi tuntun.

Kí ló wá dé tó fi ń dán nígbà tí ẹ gbé e? Nínú ọ̀pọ̀ pọ́líìṣì àti wáàsì ni epo àti sílíkónì wà, tí wọ́n ń dí ojú ìlà bí ẹni fi ìpara pa ẹsẹ̀ tó sán. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ọṣẹ bá kàn án, epo yẹn á wẹ̀ dànù, ìlà á sì yọjú. Bí ibì kan bá ṣì ń dán, bíi orí búùtì, ẹ po súpírítì ìwòsàn mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ tó mọ́ nù ún díẹ̀ lójú máníjà náà. Bí ìlà bá jáde níbi tó ti ń dán, òun náà ti rí ohun tí epo bò mọ́lẹ̀. Àmọ́ mi ò ní tàn yín: fífọ̀ méjì tí ẹ fọ̀ ọ́ lè ti dá kún un, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ dì mú nìyẹn. Ohun tí wọn ò lè ti sí yín lọ́rùn ni ipa ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ pọ́líìṣì tó ń yí lójú kan, tí wọ́n fi páàdì onírun àti kọ́ńpáùn líle, ìyẹn pọ́líìṣì tó ń ha ọ̀dà, sí, máa ń fi ipa sílẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n tẹ̀ léra wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì dé èkejì, tí wọ́n ń sún bí ẹ bá ṣe ń sún. Kò sí ẹni tó ń fi kànrìnkàn fọ mọ́tò nílé tó lè ṣe irú ìyẹn. Ẹ wá a dáadáa nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Ti fẹ́ńdà rọrùn jùyẹn lọ. Nínú ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 àti DOT 4 ni kẹ́míkà kan wà, glycol ether, tó ń jẹ ọ̀dà. Bó bá kán sórí kíríà tí ẹnikẹ́ni kò fi omi ṣan án kíá, á wọnú, ọ̀dà á rọ̀, á wú, á sì rún jọ bí awọ ọwọ́ tó pẹ́ nínú omi. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn dáadáa. Ẹ wá wo ibi tó wà. Lára Corolla tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì bíi tiwa ńbí, apá awakọ̀ ni ife ọ́ìlì bíréèkì wà, lẹ́yìn lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri ẹ́ńjìnnì; fẹ́ńdà òsì ni mẹkáníìkì máa fara tì bó bá ń da ọ́ìlì sínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì wí pé wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì lọ́jọ́ náà. Áàsìdì bátìrì náà ń ba ọ̀dà jẹ́, àmọ́ àbàwọ́n tó funfun tàbí tó ṣá ló sábà ń fi sílẹ̀, kì í sábà rún ọ̀dà jọ báyìí. Aṣọ tí wọn ì bá tẹ́ bo fẹ́ńdà, àti ike omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni wọn ò ní.

Oòrùn ń ba ọ̀dà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún ló fi ń ṣe é. Orí rúùfù, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtì tó kọjú sókè ló ti ń bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ á ṣá, kíríà á máa bó bí awọ ejò. Kì í fa ìlà sára ilẹ̀kùn. Eruku ọyẹ́ tó kàn bà lé mọ́tò náà kì í fa ìlà. Ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ló ń fà á.

Nítorí náà, ẹ má gbà kí wọ́n kun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ni wọ́n yan nínú ooru tó tó bíi 140 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kí wọ́n tó to ike àti rọ́bà mọ́ mọ́tò. Pẹ́ńtà tó bá dán irú ooru bẹ́ẹ̀ wò lára mọ́tò tó ti parí á yọ́ ike tó wà lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, fáàsì bọ́dì, ìyẹn ọ̀dà ilé iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kùn, lẹni tó fẹ́ ra mọ́tò lọ́wọ́ yín lọ́la máa béèrè. Bó bá rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kùn, á ní ó ti kọlu nǹkan rí, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ṣàlàyé tán? Ohun tí ẹ máa béèrè ni pọ́líìṣì ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn: kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó ń ka ìnípọn ọ̀dà wọ̀n ọ́n, ó kéré tán ojú márùn-ún lára irin kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dán ibi kékeré kan wò pẹ̀lú pọ́líìṣì tó fẹ́lẹ́ jù, kí wọ́n má kàn gbé kọ́ńpáùn líle tì í, kí ó jẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí tó sì tún ń mì, kí wọ́n fi súpírítì nù ún kí ẹ tó wò ó. Pọ́líìṣì fẹ́lẹ́ máa ń mú bíi máíkírọ́ọ̀nù 1 sí 3 lọ nínú kíríà, kọ́ńpáùn ń mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíríà yẹn kò sì ní hù padà. Bí ẹ̀rọ bá ka 100 sí 140, ààyè wà. Bó bá ka 80, kí wọ́n fọwọ́ fúyẹ́ sí i, kí ẹ sì fara mọ́ ìlà díẹ̀ tó bá kù. Bó bá ka 250 níbì kan, ẹnì kan ti kùn ún rí, ẹ sì ní ìbéèrè mìíràn láti bi àwọn tó tà á fún yín. Gbogbo ìpele lápapọ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń kà, kì í ṣe kíríà nìkan, èyí tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí báńpà oníke.

Fẹ́ńdà ló gba ìrònú. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, kò sì sí èyí tí kò ní àbùkù. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ha gbogbo ọ̀dà tó rún kúrò títí dé ibi tó dúró ṣinṣin, kí wọ́n fi pírámà sí i, ótóbéésì, lẹ́yìn náà kíríà. Ìṣòro rẹ̀ ni àwọ̀ fàdákà. Hóró aluminíọ́ọ̀mù kéékèèké ló ń mú un tàn. Bí tínà bá pọ̀ jù tàbí tí ọwọ́ pẹ́ńtà bá jìnnà jù, hóró náà á sùn lọ́nà mìíràn, fẹ́ńdà á sì dọ́gba mọ́ ilẹ̀kùn bí ẹ bá wò ó láti iwájú, á dúdú bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Aláró Ìtòkú mọ ohun tí mò ń wí: aṣọ tí a rẹ lánàá àti èyí tí a rẹ lónìí nínú ìkòkò kan náà lè má bára dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ fi máa ń fa ótóbéésì wọ ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ kí ojú má bàa rí ààlà, tó sì máa fi kíríà bo fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn dé etí wọn. Bó bá dá kíríà dúró láàárín irin, etí ibẹ̀ á bó lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé ilẹ̀kùn tí kò ṣẹ̀ náà ti fara gbá nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n kun fẹ́ńdà nìkan, kí ẹ fara mọ́ ìyàtọ̀ àwọ̀ díẹ̀. Ọ̀nà kẹta, èyí tí èmi máa kọ́kọ́ wá, ni fẹ́ńdà tòkúnbọ̀ aláwọ̀ kan náà. Bóòtù ni wọ́n fi de fẹ́ńdà Corolla, wọn kì í jó o mọ́ ọn. Nọ́ńbà àwọ̀ yín wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, lórí ìwé tí wọ́n kọ C/TR sí. 1F7, fún àpẹẹrẹ, ni ọ̀kan nínú fàdákà Toyota. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn àti ọdún mọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ta pátì ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Bí ẹ bá rí èyí tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, tí kò ní bọ́dì fílà nínú, kí wọ́n tú ti àtijọ́, kí wọ́n de èyí. Ó lè ṣá ju tiyín lọ díẹ̀, kó má sì tètè rí, àmọ́ fáàsì bọ́dì lẹ fi rọ́pò fáàsì bọ́dì.

Bó bá jẹ́ kíkùn ló kù, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kó wà nínú ìwé: kíríà olómi méjì tó ní ohun tó ń mú un le, tí wọ́n pò bí agolo rẹ̀ ṣe wí, kì í ṣe bí ojú ṣe wọ̀n ọ́n, yàrá ìkun-mọ́tò tí wọ́n lè gbé ooru rẹ̀ dé bíi 60 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti páálí kékeré tí wọ́n fún àwọ̀ náà sí kí ẹ gbé e ti ilẹ̀kùn nínú oòrùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kíkùn ní gbangba lásìkò òjò máa ń mú kí ọ̀dà funfun bí èéfín nítorí ọ̀rinrin. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni. Fún bíi ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi wáàsì sí i.

Ẹ̀rí wá kù. Láti òní lọ, kí pẹ́ńtà kankan má fọwọ́ kàn án. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara mọ́tò kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ tó sún mọ́ ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi rúlà lé e, ẹ yà á nínú oòrùn àti pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lálẹ́. Ẹ má pa èyí tó wà nínú fóònù rẹ́, torí bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè ibi tí fọ́tò àti ọ̀rọ̀ WhatsApp ti wá. Ẹ gba ẹ̀dà jọ́ọ̀bù káàdì, ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sára mọ́tò yín sí. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní àwòrán mọ́tò tí wọ́n máa ń fàmì sí níbi tó bá ti ní àbùkù nígbà tó ń wọlé. Bí tiyín bá mọ́ láìsí àmì, ìwé tiwọn fúnra wọn ló jẹ́rìí pé fẹ́ńdà dáa nígbà tí wọ́n gbà á. Ẹ gba iye owó tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ méjì mìíràn, kí ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Òfin wà lẹ́yìn yín jù bí máníjà yẹn ṣe mọ̀ lọ. Abala 130 òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ẹni tó bá gba ohun ìní oníbàárà láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà, ó kéré tán, bó ṣe wà nígbà tó gbà á. Bí iṣẹ́ bá ní àbùkù, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá apá kan owó padà. Ohun tí a fi sí ìkáwọ́ ẹlòmíì tó sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò ṣàlàyé bó ṣe tọ́jú rẹ̀. Pátákó pé ẹni tó gbé mọ́tò wá ló ni ewu kò gba ẹni tí kò bìkítà sílẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ gbà á láyọ̀, ẹ ò lè fọwọ́ sí ohun tí epo bò mọ́lẹ̀. Ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí ni kí ẹ má fọwọ́ sí, torí ìyẹn ló lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Sáfíìsì ọ̀fẹ́ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ọwọ́ kan náà ló tún máa da ọ́ìlì.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà wọn, kì í ṣe máníjà ẹ̀ka, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn rí i gbà. Ojú ìwé kan tó: ọjọ́ tí ẹ gbé e wọlé àti ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde, nọ́ńbà jọ́ọ̀bù káàdì, ọgbẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí ẹ fẹ́ fún ìkọ̀ọ̀kan, fọ́tò àti iye owó, àti ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ohun tó dáa jù ni kí wọ́n sanwó tààrà fún ibi iṣẹ́ mìíràn tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí. Bí wọ́n bá ta kú pé àwọn ló máa ṣe é, ẹ gbà, bí wọ́n bá kọ gbogbo ohun tí mo kà lókè sínú ìwé. Owó lọ́wọ́ náà dáa bó bá kárí pọ́líìṣì àti fẹ́ńdà. Ẹ má béèrè mọ́tò tuntun. Ẹni tó bá béèrè ohun tí kò tọ́ sí i ti fún wọn ní àwáwí.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé kí ó fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Abala 32 òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kà á léèwọ̀ kí wọ́n mú èèyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn lásán. Bó bá sì fẹ́ kọ ọ́ sórí Facebook, kó kọ ohun tí ojú rí, kó má pe ẹnikẹ́ni ní olè. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá láìsí èsì, ẹ kó lẹ́tà, rìsíìtì, jọ́ọ̀bù káàdì àti fọ́tò ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbè fún oníbàárà. Ẹ ò ní san owó lọ́yà fún ìyẹn, àmọ́ ó lè pẹ́. Kóòtù Májísíréètì tó wà ní Ìsàbọ̀ ni ibi tó kù, ṣùgbọ́n kí ẹ fi owó lọ́yà wé owó fẹ́ńdà ná. Lẹ́tà lọ́yà kan ṣoṣo ló sábà máa ń tó. Ní ti inṣọ́ráǹsì, tọ́ọ̀dù pátì kò ní san kọ́bọ̀ fún ọ̀dà tiyín. Kọmpirihẹ́ńsíìfù lè san, àmọ́ apá kan máa kù tí ẹ máa fọwọ́ ara yín san, ẹ sì lè pàdánù ẹ̀dínwó ọdún tó ń bọ̀.

Ohun tí mi ò lè ṣe láti inú lẹ́tà ni kí n fọwọ́ kan ọ̀dà náà. Ìlà tí ẹ pè ní tín-ín-rín lè jìn jù bí ẹ ṣe rò, ibi tó wú sì lè gbòòrò sí i kí wọ́n tó ṣe é, torí náà ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ fẹ́ńdà yẹn lónìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya fọ́tò rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó ti parí, ojú ọ̀sán ni kí ẹ lọ gbé e, kí mọ́tò wà níta nínú oòrùn, kó má tutù, kí ẹ mú súpírítì àti aṣọ yín dání. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ní aago méje alẹ́, ẹ ní ó di ọ̀la.